Ta ló sọ pé adìẹ ìbílẹ̀ ò nílò àjẹsára?

Látìgbà tọ́yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, fóònù mi ò sinmi mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo àwọn tó ń pè ń sọ: "Dókítà, ẹ dákun, àwọn adìẹ mi ń tòògbé." Ẹni tó pè lánàá tiẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àgbébọ̀ kan ló dúró sídìí ike omi, apá ẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀, ó lanu sílẹ̀ ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbẹ́ ẹ̀ ń ṣàn, ó láwọ̀ ewé bí omi ewúro. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fún un ní àjẹsára kẹ́yìn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ah ah, dókítà, adìẹ ìbílẹ̀ mà ni o, kì í ṣe agric."

Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì, èèyàn á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín nítorí pé aládùúgbò ẹ̀ ti sọ fún un pé ara adìẹ ìbílẹ̀ le. Ara ẹ̀ le lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ibi tó le sí lẹ ò mọ̀.

Ká fún un ní iyì tó tọ́ sí i o, adìẹ ìbílẹ̀ mọ oúnjẹ wá. Ẹ jókòó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ó lórí ààtàn, á fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á yẹjú wò ó, á ṣá a. Ekòló, ikán, tata, aáyán, ìdin, àgbàdo tó dànù nídìí ẹ̀rọ, ewé tẹ̀tẹ̀ tó rọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ, òkúta wẹ́wẹ́ náà ò gbẹ́yìn. Àwọn àgbà ní adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ́pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín ṣé irin ló ń gbé mì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń du iwe nídìí àwo ọbẹ̀, ẹ rántí yanrìn tẹ́ ẹ máa ń bá nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá là á. Eyín adìẹ nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń lọ oúnjẹ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá tì í mọ́lé, tẹ́ ẹ wá ń da eérí nìkan sílẹ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ti gba ẹran lẹ́nu ẹ̀, ẹ tún ti gba eyín ẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ ló burú jù fún, nítorí wọ́n nílò amúaradàgbà tó tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn, àgbàdo lásán ò sì ní tó mẹ́wàá. Àwọn ìyá wa tó ń lọ wú ikán lóko wá fún òròmọdìẹ ò wọ yunifásítì o, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyí tó ń yé ẹyin, ẹ gún ìkarahun ìgbín fún un. Àgbàdo tó ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má sọ pé adìẹ ni, oró ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa ń bà jẹ́. Ó tán, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro yín.

Ìṣòro yín ni pé orí ààtàn tó ti ń jẹ ekòló yẹn náà ni aládùúgbò yín da ìfun àti ìyẹ́ adìẹ tó rà lọ́jà Kérésì sí. Ẹ ò mọ ibi tí adìẹ ọ̀hún ti wá, ẹ ò mọ̀ bóyá ó ti ń tòògbé kí alájàpá tó yára tà á. Adìẹ tiyín dé ibẹ̀, ó jẹ ìfun yẹn bó ṣe ń jẹ ìdin, ara tó le kì í mọ ìyàtọ̀. Ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, ẹ ti ń pè mí.

Lúkúlúkú ni. Òyìnbó ń pè é ní Newcastle, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti jà lọ́dún 1926, ọdún yẹn náà ló jà ní Java lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀ ní Nàìjíríà, ìlú Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀ ni, láti December 1952 sí February 1953. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa. Ọyẹ́ ni. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ pé ọyẹ́ ló ń pa adìẹ, wọ́n á wá máa daṣọ bo àgò. Ọyẹ́ lè dá kún un o, òtútù òru yẹn máa ń mú kí agbára ẹyẹ rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń kó adìẹ láti ìlú dé ìlú fún ọdún, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà, lórí ọkọ̀ kan náà, àrùn ń báwọn wọkọ̀ láìsanwó. Tó bá sì wọ agbo tí ò gba àjẹsára rí, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó lè pa gbogbo ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, kò lóògùn. Mo tún un sọ, kò lóògùn. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tẹ́ ẹ ń tú sínú omi fún wọn ò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan, ata àti epo pupa tẹ́ ẹ ń rọ sí wọn lọ́fun náà ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ìyà lẹ ń fi jẹ ẹyẹ tó ń kú lọ.

Ohun tó wà ni àjẹsára, kó sì tó dé. Èyí tó bá adìẹ ìbílẹ̀ mu jù ni wọ́n ń pè ní I-2, wọ́n ń ṣe é níbí ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba lórí àrùn ẹran wà láti 1924. Ẹ̀kán kan lójú kan, ó parí. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan àti àkùkọ tó ti hu ẹ̀gún ẹsẹ̀, ẹ̀kán kan náà ni. Ẹ yí orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kán an, ẹ má tíì jù ú sílẹ̀, ẹ dúró títí á fi ṣẹ́jú tí omi yẹn á wọlé. Oṣù mẹ́rin mẹ́rin lẹ ó máa tún un ṣe. Ẹ rí i pé ẹ ṣe ọ̀kan ní October kí ọyẹ́ tó dé, nítorí á gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mú lára wọn. Ìgò kan lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ, mo mọ̀, ẹ máa ní mẹ́wàá péré lẹ ní. Ẹ pe àdúgbò jọ! Ẹ dáwó! Ṣebí ẹ ń dáwó ẹran iléyá.

Àmọ́ ká sọ ti òtútù tó yẹ kí àjẹsára máa wà nínú ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jà pẹ̀lú gbogbo ayé. Ohun tó wà nínú ìgò kékeré yẹn, ohun ẹlẹ́mìí ni. Fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n kàn ti wá èyí tí ò lè pa adìẹ ni, kí ara adìẹ lè mọ ojú ẹ̀ kí èyí tó burú tó dé. Tó bá kú sínú ìgò, omi lásán lẹ ń kán sójú ẹyẹ. Láti ilé iṣẹ́ títí dé ojú adìẹ, kò yẹ kó gbóná ju ìwọ̀n 8 ti Celsius, kò sì yẹ kó tutù ju 2. I-2 yìí fara da ooru ju LaSota, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn, lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi dáa fún abúlé, ṣùgbọ́n pé ó fara dà á ò ní kẹ́ ẹ gbé e síwájú mọ́tò lójú oòrùn. Fríìjì tí iná ò dé láti ọjọ́ mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù ni, ẹ má gbé àjẹsára sínú ẹ̀. Ẹ gbé kúlà lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ kó yìnyín sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tẹ́ni tó fẹ́ tà á fún yín bá mú un látorí káńtà dípò inú fríìjì, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó, ẹ lò ó tán láàárín wákàtí méjì, ẹ má pa á mọ́ de ọ̀la. Ike omi tẹ́ ẹ fi hypo fọ̀, omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fi chlorine sí, ìyẹn náà ń pa á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní noiler, tẹ́ ẹ ń fún ẹyẹ yín ní àjẹsára nínú omi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ lo omi kànga tàbí omi òjò. Adìẹ tó bá sì ti ń tòògbé, ẹ má fún un rárá, ó ti pẹ́ jù, ẹ kàn máa lọ sọ káàkiri pé àjẹsára dókítà ló pa á ni.

Ìyá kan wà lágbègbè Iléṣà, adìẹ mẹ́tàlélógójì ló ní, ó sì ti gba àjẹsára fún wọn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìgbéraga nígbà tí mo débẹ̀, nígbà yẹn méje ló kù. Mo ní, "Mà, ta ló bá yín ṣe é?" Ọmọkùnrin kan tó ń gbé báàgì kiri ni, ó ń ta egbòogi eku, ó ń ta oògùn aràn ewúrẹ́, ó tún ń ta àjẹsára. Ó ti pa ìgò ẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo ṣà á nílẹ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ tó máa bà jẹ́ ò tíì kọjá, ṣùgbọ́n àjẹsára tó yẹ kó gbẹ bí kóró ẹfun kékeré ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ìyókù tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ti di yẹ́lò. Mo bi ìyá pé ibo lọmọkùnrin yẹn ti mú un jáde. Wọ́n ní àpò ṣòkòtò ni, orí ọ̀kadà sì ló wà látàárọ̀.

Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé títí. Ìyá kàn ń wo ẹnu mi ni. Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn, àgbébọ̀ alámì funfun kan tí wọ́n fẹ́ràn, ọrùn ẹ̀ ti wọ́, orí ẹ̀ ń wo ẹ̀yìn, tó bá fẹ́ ṣá oúnjẹ á ṣá afẹ́fẹ́. Lúkúlúkú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú ọpọlọ ló wọ̀. Ìyá ní, "Dókítà, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ojú lásán, ẹnì kan ló yí i lọ́rùn." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ pa á, ẹ sin ín jìn, ẹ má jẹ́ kó kúrò nínú ọgbà yìí." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àwọn ará ilé ń sọ pé ṣebí ó dáa, ibi tó ń bọ̀ wá bá ìyá làwọn adìẹ fi orí gbà. Mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adìẹ òun ń tòògbé. Mo bi í pé ṣé adìẹ àjèjì kankan wọlé wọn láìpẹ́ yìí. Ó ní rárá o, kò sí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní àfi ìyá kan tó wá láti apá Iléṣà wá gbàdúrà nílé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, tó gbé àgbébọ̀ kan dání, òun sì bá a so ó mọ́dìí igi lẹ́yìnkùlé títí ìsìn fi parí, nítorí àánú ẹ̀ ṣe òun, ọrùn ẹ̀ wọ́.