Origun Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ayé Kọ́ Ló Bí "News"

Ọ̀pọ̀ wa la ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́: N ni North, E ni East, W ni West, S ni South. Wọ́n ní torí pé origun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé ni ìròyìn ti ń wọlé ni Òyìnbó ṣe ń pè é ní "news". Ó dùn létí, kò sì ṣòro láti há sórí. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ti pẹ́ láyé ni.

Ọ̀rọ̀ náà "new", ìyẹn tuntun, ni wọ́n fi S sí nídìí. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní òun gbé "newes" dé, ohun tó ń sọ ni pé òun mú àwọn nǹkan tuntun bọ̀. Àwọn Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "nouvelles", àwọn ohun tuntun, ni wọ́n ń pe ìròyìn. Láyé ìgbà yẹn, bó ṣe wu kálukú ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ lè rí "newes", ẹ sì lè rí "newis". Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún origun kan, E méjì tó wà nínú "newes" wá ńkọ́? Ṣé ibi méjì ni oòrùn ti ń yọ nígbà náà ni?

S yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ohun púpọ̀ ni "news", wọ́n sì máa ń sọ "these news". Díẹ̀díẹ̀ ló di ẹyọ kan, àmọ́ S kò kúrò nídìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "the news are good" lónìí, tíṣà á fi báírò pupa fa ìlà sí i. Ká ní ọdún 1600 ló kọ ọ́ ní London ni, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí.

Ẹ tún wo àwọn ará Netherlands, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan. "Nieuws" ni wọ́n ń pe ìròyìn, òun náà ní S nídìí. Ṣùgbọ́n "noord" ni àríwá wọn, "oost" ni ìlà-oòrùn, "west" ni ìwọ̀-oòrùn, "zuid" ni gúúsù. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn jọ kí ẹ wò ó bóyá ó fún yín ní "nieuws". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pàápàá, North àti South ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kí wọ́n tó kan East àti West.

Àwàdà ló jọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ewì kúkúrú kan wà nínú ìwé ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní London lọ́dún 1640, tó ní ìròyìn ń tọ̀ wá wá láti àríwá, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Ní 1640 yẹn, "news" ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn fún nǹkan bí 200 ọdún. Akéwì ń fi lẹ́tà ṣeré, àwa wá sọ eré rẹ̀ di ẹ̀kọ́.

Kò yà mí lẹ́nu pé ó tètè wọ̀ wá létí. NEPA, JAMB, WAEC, INEC: ìkékúrú la fi ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rúndún ogún tó dé, ó ṣọ̀wọ́n kí Gẹ̀ẹ́sì tó fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. "Radar" jẹ́ ìkékúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló dé.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí WhatsApp ni "family", tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí "Father And Mother I Love You". Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìjókòó, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Èdè Látìn la ti rí ọ̀rọ̀ yẹn: "familia". Àwọn ará Róòmù tó ń sọ ọ́, "pater" ni wọ́n ń pe bàbá, "mater" ni wọ́n ń pe ìyá, nítorí náà ibo ni F ti fẹ́ wá? Èyí tó le jù ni pé "famulus" ni orírun rẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ olórí ilé ló wà nínú "familia", títí kan ẹrú tó fi owó rà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yá a lò, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé ni wọ́n ń fi pè. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá di bàbá, ìyá àti ọmọ.

"Golf" náà ńkọ́, tí wọ́n ní ó jẹ́ "Gentlemen Only, Ladies Forbidden"? Lọ́dún 1457, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland fòfin de gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù, nítorí pé eré wọ̀nyí kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ráyè kọ́ ọfà títa tí wọ́n máa lò lójú ogun. Àwọn ọkùnrin gan-an ni òfin ń lé kúrò nídìí rẹ̀.