Chatbot Kì í Ṣe Ọmọlúàbí, Ẹ Sọ Odindi Ọ̀rọ̀ Fún Un

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ̀rọ yín máa bá mi dín owó ọjà?" Chatbot, ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀, tí mo gbé sórí WhatsApp wọn ni wọ́n ń wí. Oníbàárà kan ló bi í pé èló ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún. Ó dá iye kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, ó ní torí pé oníbàárà tuntun ni. Ìyá ò rán an. Èmi náà ò rán an.

Mo lọ wo prompt, bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tí a fi ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́, mo sì rí i pé ọ̀dọ̀ mi lẹ̀bi wà. Gbólóhùn méjì péré ni mo kọ: "Ìwọ ló ń dá oníbàárà lóhùn ní ìsọ̀ àdìrẹ. Máa ṣe dáadáa sí wọn." Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ bá sọ ìyẹn nìkan fún á ṣì yíjú padà bi yín pé èló la ń ta èyí. Chatbot kì í sábà béèrè.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nínú ẹ̀rọ náà ó máa ń di odindi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Irú ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ti ka ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ tí ọmọ aráyé kọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fojú díwọ̀n ègé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀, á fi kún un, á tún díwọ̀n òmíràn. Àìmọye ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dín owó fún oníbàárà tuntun. Mo fura pé tiwọn ló fi dí àlàfo tí mo fi sílẹ̀.

Mo tún un kọ. Apá kan rẹ̀ nìyí:

"Àdìrẹ nìkan là ń tà níbí: ẹlẹ́kọ, oníko àti alábẹ́rẹ. Iye owó wà nínú àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, má dá iye mìíràn sọ. Bí oníbàárà bá ní kí o dín in, sọ pé, 'Ẹ jẹ́ kí n bi Ìyá, a ó pè yín padà.' Bí o kò bá rí ìdáhùn nínú àkọsílẹ̀, gbólóhùn kan náà ni kí o sọ. Má jẹ́ kí èsì rẹ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ."

Ẹ wo ibi ẹ̀dínwó yẹn dáadáa. "Má dín owó" ni mo kọ́kọ́ kọ, ló bá ń kanra mọ́ oníbàárà bí ọlọ́pàá. Ìgbà tí mo sọ ohun tó máa ṣe fún un, tí mo tiẹ̀ kó ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ni ara tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àìmọ̀: bí ẹ ò bá fún un ní ọ̀nà tó máa gbà sọ pé òun ò mọ̀, irọ́ ló lè pa. Àwọn kan á máa kọ ọ́ pé "ìwọ ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí." Èmi ò tíì rí ohun tí ìyẹn ṣe fún mi tó ìlà 'Ẹ jẹ́ kí n bi Ìyá' yẹn.

Mo tún fi àpẹẹrẹ ìbéèrè àti èsì méjì sí i, mo sì sọ fún un pé àwọn èèyàn wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ "oko" lè ní oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ lọ́kàn. Kó wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká, bí kò bá dá a lójú, kó béèrè. Bí ẹ bá sì ń lò ó fún iṣẹ́ ara yín, tí ìtàkùrọ̀sọ ti gùn títí tó fi ń ṣìnà, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣí tuntun, kí ẹ tún iṣẹ́ náà rán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ prompt kì í ṣe àgádágodo o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Watsonville ní California, ẹnì kan sọ fún chatbot ilé ìtajà ọkọ̀ Chevrolet kan pé kó máa gba gbogbo ohun tí oníbàárà bá wí. Ó wá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ Tahoe ní dọ́là kan. Ẹ̀rọ náà gbà. Ọ̀rọ̀ olówó ọjà àti ọ̀rọ̀ oníbàárà, ojú kan náà ni wọ́n jọ ń wọlé sí nínú rẹ̀, kò sí odi tó le láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí chatbot Ìtòkú kò fi lè gba owó, tí kò sì lè fọwọ́ sí títa ọjà. Ìyá fúnra wọn ló ń ṣe ìyẹn.

Ọmọ wọn obìnrin ló ń tún àkọsílẹ̀ iye owó ṣe ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè báyìí. Ó ń kọ déètì sókè rẹ̀, torí ẹ̀rọ náà ò mọ ọjọ́ òní àfi bí a bá sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan tó gbàgbé, iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ta ẹlẹ́kọ títí di Ọjọ́rú.