Ẹ Má Tètè Ṣílẹ̀kùn fún Akọni Yín

Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo ti ń bá àwọn ọmọdé tún ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì wọn kọ. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbẹ̀: ọmọ á kọ ọ́ pé wọ́n sé akọni òun mọ́lé, ṣùgbọ́n kí ojú ìwé kejì tó tán, akọni ti gba òrùlé fò jáde, ó ti dé Mars. Ìtàn ìsémọ́lé parí síbẹ̀.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọdẹ inú ìtàn wa kì í jókòó sílé. Á gbé ìbọn kọ́ èjìká, á dágbére fún ìyàwó, ó di inú igbó. Ẹni tí kò gbọdọ̀ jáde ńkọ́? Ilé ni igbó tirẹ̀. Ohun tó máa fi jà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, tàbí kó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọmọ ọdún 11 kan ṣàlàyé. Akọni rẹ̀ ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan l'Ékòó. Ó fẹ́ kó máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé ní ibùdó òfuurufú àgbáyé (ISS), ilé tó ń yí ayé po lójú òfuurufú, lórí rédíò àtijọ́ bàbá àgbà. Mo bi í pé, "Ṣé rédíò yẹn lè gbọ́ ọ?" A jọ wádìí rẹ̀. Orí 145.800 megahertz, ìyẹn nọ́ńbà ìkànnì rédíò, ni àwọn tó fẹ́ràn rédíò ti máa ń gbọ́ ibùdó náà. FM inú ilé wa kò kọjá 108. Ojú ọmọ náà fà ro. Inú tèmi dùn, torí ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ta ló wá ní èyí tó lè gbọ́ ọ? Ó ronú títí, ó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì ní wọkitọkí. Ìyẹn lè gbọ́ ọ: ọ̀pọ̀ wọkitọkí ẹ̀ṣọ́ ló ń gbọ́ láti 136 dé 174. Báwo ló ṣe máa dé òkè láìjẹ́ pé ẹnì kan súnmọ́ ẹnì kejì? Ọmọ Èkó ni. Akọni rẹ̀ so okùn mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ oníkiri. Nígbà tó fà á sókè tán, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo ní kó má sáré kọjá ibẹ̀. Ọ̀rá ló bo fáírọ́ọ̀sì kòrónà lára. Ọṣẹ a máa tú ọ̀rá yẹn ká bó ṣe ń tú epo kúrò lára abọ́, fáírọ́ọ̀sì á sì bàjẹ́. Akọni tó mọ èyí ti mọ ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku àkókò. Ibùdó náà ń sá ní nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè orí wa. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ló fi ń yí ayé po. Bó bá yọ sí wa, kò ju bí ìṣẹ́jú 10 lọ tó fi máa wọ̀. Kò sí iná NEPA, bátìrì wọkitọkí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń gbà kí wọ́n pa nínú irú ìtàn yìí. Gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ayé. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan irọ́ náà. Tirẹ̀ rèé. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2020 títí di ìparí oṣù karùn-ún, èèyàn 3 péré ló wà nínú ibùdó náà, àwọn náà ò sì lè nasẹ̀ síta bó ṣe wù wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, akọni gbé etí lé wọkitọkí, ó ń ka ohùn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Irọ́ ọ̀hún wá dé: ohùn kẹrin pè é ní Àjàní, oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan fi ń pè é. Bátìrì kú.

Ọmọ náà bi mí pé ṣé kí akọni sáré bọ́ sí títì báyìí. Mo ní kó wo déètì. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ku ọjọ́ 10. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé akọni tún mú okùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lọ sójú fèrèsé.