Ilé bíńtín yẹn, níbo lẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún fi fídíò ilé kékeré tó wà lórí táyà yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ ka èyí ná. Òyìnbó kan àti ìyàwó ẹ̀ àti ajá wọn, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, àga á di bẹ́ẹ̀dì, àtẹ̀gùn á di dúróà, wọ́n á gun àkàbà lọ sùn lókè àjà, kọ́sítọ́mà mi á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé "Àkítẹ́ẹ̀tì, irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́ o, mo ti ní hááfù púlọ́ọ̀tì n'Íbàdàn." Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi gbogbo wọn. Èèyàn mélòó ló máa sùn níbẹ̀, níbo lẹ ti máa dáná, níbo lẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Wọ́n á dáhùn méjì àkọ́kọ́. Tó bá kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní "a máa wá ibì kan fún un." Ibì kan wo?

Ẹ má rò pé mo kórìíra ilé kékeré o. Ní Amẹ́ríkà tí fídíò yẹn ti ń wá, ìwé òfin ìkọ́lé wọn ti 2018 ní àfikún kan tó sọ pé ilé tí kò bá ju 400 square feet lọ, láì ka àjà tí wọ́n ń sùn sí mọ́ ọn, òun ni tiny house. Ìyẹn tó bíi 37 square metres. Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ wo nǹkan yìí dáadáa: ìwọ̀n tí ìjọba England gbé jáde ní 2015, 37 yìí kan náà ni wọ́n ní fláàtì èèyàn kan tó ní ṣáwà dípò báàfù ò gbọ́dọ̀ dín sí, níbi tí council bá ti mú un lò. Ohun tí àwọn kan ń pè ní bíńtín, lọ́dọ̀ àwọn míì òun gan-an ni ìpìlẹ̀. Ẹ wá wo self-contain tiwa n'Ékòó, tí yàrá ẹ̀ jẹ́ 12 by 12, kẹ́ ẹ fi kíṣìnì tí èèyàn méjì ò lè pàdé nínú ẹ̀ àti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kún un, ó ṣòro kó tó 250 square feet. Ọ̀pọ̀ yín ti ń gbé tiny house ọjọ́ pẹ́, landlord lẹ kàn ń san owó ẹ̀ fún.

Àwọn kan á tún ní nǹkan òyìnbó ni. Rárá o. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Michael Vlach ti kọ ọ́ láàárín àwọn ọdún 1970 pé ilé tóóró tí yàrá ẹ̀ to tẹ̀lé ara wọn bíi rélùwéè, tí wọ́n ń pè ní shotgun house, tó kún New Orleans, Haiti ló gbà débẹ̀, àti pé ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá wà lára ibi tó ti ṣẹ̀ wá, 10 feet ní ìbú, 20 feet ní gígùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú mi dùn débi pé mo fi han gbogbo ẹni tó wọ ọ́fíìsì mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ohun táwọn tó ń fi èyí yangàn kì í rántí ni pé inú yàrá yẹn kọ́ làwọn bàbá wa ń gbé. Wọ́n ń sùn síbẹ̀ ni, wọ́n sì ń kó ẹrù síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, àgbàlá ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààlọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jà tí wọ́n sì ti ń parí ìjà. Agbo ilé lódindi ni ilé. Ẹ̀yin wá yọ ibùsùn nìkan nínú ẹ̀, ẹ ní ilé rèé.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá ilé bíńtín máa bá yín lára mu, ìta ilé yẹn ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ṣé àyè wà tẹ́ ẹ lè fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀, ṣé igi wà níbẹ̀, ṣé ibi tẹ́ ẹ ti lè ro àmàlà láìjẹ́ pé èéfín ń wọ ìrọ̀rí wà? Ẹni tó bá dá nìkan wà, tó jẹ́ pé ojúmọ́ ló ń gbé e jáde, alẹ́ ló ń gbé e wọlé, ó lè gbé e. Tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó náà lè gbé e, títí oyún á fi dé. Torí ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ló ń lò. Níbo ni màmá máa sùn? Lókè àjà? Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ fẹ́ kó máa gun àkàbà láago méjì òru torí pé ọmọ ń ké? Ẹ ò sì tíì sọ ti kúlà òde mẹ́ta, ìkòkò ńlá, àti ẹrù aṣọ ẹbí láti ọdún gbọọrọ tí ìyàwó yín ò ní gbà kí ẹ dà nù. Kọ́sítọ́mà kan sọ fún mi pé òun máa bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ lórí àwọn kúlà yẹn. Mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ fandéṣọ̀n, ẹ mọ ìyẹn. Mi ò ní sọ ti DPC, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri, tàbí ti ìwé àṣẹ, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ, kó lọ múra sílẹ̀ de àwọn tó máa wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ẹ̀. Afẹ́fẹ́ lọ̀rọ̀ mi. Èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ò ṣe nǹkankan, ooru tó ń jáde lára ẹ̀ tó 100 watt, bíi gílóòbù àtijọ́ yẹn tí wọ́n bá tàn án sílẹ̀. Ẹ wá kó méjì sínú yàrá, ẹ fi ọmọ kan kún un, ẹ fi fíríìjì tó ń tú ooru jáde látẹ̀yìn sí i, ẹ wá gbé ẹ̀wà kaná. Nínú ilé ńlá, ooru yẹn máa ríbi tú sí. Nínú ilé bíńtín, orí yín ló ń bọ̀. Ìdí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn, tí àwọn bíríkìlà fi ń pè mí ní Bàbá Wíńdò lẹ́yìn mi, pé wíńdò gbọ́dọ̀ wà ní ògiri méjì tó kọjú síra wọn, kí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibí wọlé lè gba ọ̀hún jáde. Wíńdò kan ṣoṣo, ihò lásán ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, àfi ìgbà ọyẹ́ tó máa ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn. So, gígùn ilé yín, ẹ jẹ́ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù, kó jẹ́ orí àti ìdí ẹ̀ tó kúrú ni oòrùn àárọ̀ àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa bá. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí òjò má ba à sọ yín di ẹni tó ń ti wíńdò pa ní gbogbo oṣù kẹfà àti oṣù keje.

Ẹ tún wá wo gíga ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà yẹn gbà kí àjà tiny house ga ní 6 feet 8 inches péré, àwọn wẹ́dà wa sì ti ń fi ṣe àmúyangàn pé "bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyí." Ẹ bi wọ́n pé kí nìdí ẹ̀! Ilé tọ̀hún, orí tírélà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń gùn, ó ní láti gba abẹ́ bíríìjì kọjá, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, ẹrù tó bá ga ju 13 feet 6 inches lọ tàbí tó bá fẹ̀ ju 8 feet 6 inches lọ máa gba ìwé àṣẹ àkànṣe kó tó rìn. Òtútù tún ń mú wọn, wọ́n fẹ́ kí ooru dúró sílé. Ilé tiyín ò rìnrìn àjò lọ síbì kankan, ooru lẹ sì ń sá fún, kí lẹ wá ń bọ́ àjà sílẹ̀ sí? Èmi ò ní ya ilé bíńtín kankan tí àjà ẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ẹni tí ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fi pẹ́ńsù ya pláànù sẹ́yìn páálí wà káàkiri, èmi ní èdìdì ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwa àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí mi ò fẹ́ fi ṣeré. Ti ká lọ sùn sókè àjà kẹ̀? Afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè ló ń lọ. Abẹ́ páànù, nínú oṣù kẹta, ẹ lọ dánra wò.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà ló máa ń bí mi nínú jù. Ẹni tó ń jó géètì lánàá, lónìí ó ti di "container home specialist" lórí Facebook. Kọ̀ǹténà 20 feet, inú ẹ̀ ò ju mítà 2.35 lọ ní ìbú, gíga ẹ̀ sì jẹ́ bíi 2.39, kẹ́ ẹ tó fi fóòmù àti síìlíìn jẹ nínú ẹ̀. Irin ni látòkè délẹ̀. Ògiri tó rí bíi páànù tẹ́ ẹ rí yẹn àti òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé e dúró, bí wọ́n bá ti gé ògiri gbàràgàdà kí wọ́n lè fi gíláàsì síbẹ̀, láìfi irin míì tì í, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Pákó ilẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí kí ikán àti kòkòrò má ba à bá a wọ ìlú oní-ìlú, ọmọ yín ló sì máa rá kòrò lórí ẹ̀. Mo bi wẹ́dà kan nípa èyí, ó ní òun máa tẹ́ rọ́ọ̀gì lé e. Tooru ńkọ́? "Ẹ máa fi A/C sí i, ṣebí Band A ni yín, àwọn tí wọ́n ń fún níná jù." Bí iná bá wá lọ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Bí iná bá lọ, ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ látàárọ̀.

Tọkọtaya kan wà, ọ̀nà Mọ́níyà n'Íbàdàn ni wọ́n ń gbé, kọ̀ǹténà ni, kì í ṣe èmi ni mo ya á o. Nígbà tí wọ́n pè mí, ohun tí ìyàwó sọ ni pé ilé náà ò dáa. Tílẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, ọmọ wọn á bì, ọkọ á jí bí ẹni tí wọ́n nà lóru. Alfa kan ti sọ pé ìdí sàréè ni ilẹ̀ náà, wọ́n ti da nǹkan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wòlíì kan ní ogun òru ni, pé ẹnì kan láti ìdílé ọkọ ló ń wá tẹ ọmọ náà lọ́rùn, àwọn mọ̀lẹ́bí méjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀. Owó tí wọ́n ti ná sí i, ó tó kọ́ yàrá kan. Mo kàn bi wọ́n léèrè pé alẹ́ wo ló máa ń ṣẹlẹ̀? Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ ro ó títí, ó ní ó dà bíi pé alẹ́ tí kò bá síná ni.

Mo bá yí lọ sẹ́yìn ilé. Torí olè, ọkùnrin yìí ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé kékeré kan fún jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, ó dára, ó rẹ́ ẹ, ó tilẹ̀ kùn ún, àmọ́ ó fi í lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹténà, ihò tí èéfín ń gbà jáde sì kọjú sí wíńdò tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò náà ti dúdú bíi ìdí ìkòkò. Torí ooru, ṣíṣí ni wíńdò yẹn máa ń wà mọ́jú. Mo fi ìka kan án, mo fi han ìyàwó, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Gáàsì tó ń jẹ́ carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èyí tẹ́ ẹ ń gbóòórùn ẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn. Tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ara á wá máa wá ọ́síjìn tì. Nínú ilé ńlá, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó kún. Nínú kọ̀ǹténà, kí ló fẹ́ pẹ́? 20 feet, ó kéré tán, ni jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sílé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ sì kẹ̀yìn sí gbogbo wíńdò, ti aládùúgbò náà o, torí lórí hááfù púlọ́ọ̀tì, 20 feet sí wíńdò yín lè jẹ́ márùn-ún péré sí tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà, mo gbóríyìn fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé bátìrì olómi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gáàsì míì tó lè gbiná lòun ń tú nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ má sì gbé kóòlù wọlé lásìkò ọyẹ́ kí ara yín lè móoru. Carbon monoxide yẹn kan náà ló ń tú.

Wọ́n ṣì ń gbé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi páànù kejì bò ó lókè, kí àyè wà láàárín ẹ̀, wọ́n kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ju kọ̀ǹténà náà lọ síwájú, a ṣí wíńdò sí ògiri kejì, a fi irin tì í bó ṣe yẹ. Jẹnẹrétọ̀ wà nídìí fẹ́ǹsì nínú àgò onírin, ọkọ sì ń ráhùn owó wáyà títí dòní. Alfa àti wòlíì, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ báyìí, bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì máa ń yá tí wọ́n bá jáde, ẹ má dúró wá ẹni tó máa gbàdúrà. Gbogbo yín, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síta, ẹ gbé ọmọ dání, kí ẹnì kan wá lọ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ má tún padà wọlé lọ mú fóònù. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba hospital lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ ló wà ní títàn lóru, torí tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò fún.