CapCut, fídíò skateboard àti ọmọ yín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí CapCut, áàpù tí àwọn ọmọdé fi ń gé fídíò, ti yí àdéhùn ìlò rẹ̀ padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni ìkìlọ̀ ti ń fò káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì pé iléeṣẹ́ náà ti gba fídíò mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gun skateboard, pátákó onítáyà, yálà l'Ékòó tàbí ní Southbank ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò lórí pátákó yẹn kì í sinmi títí ayé yóò fi rí i.

Ṣé lóòótọ́ ni pé CapCut ló ni fídíò ọmọ mi báyìí?

Rárá. Ọmọ yín ló ṣì ni ín. Ohun tí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2025 wí ni pé ẹni tó bá gbé fídíò sórí áàpù náà ti fún iléeṣẹ́ náà láyè láti lò ó, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn láyè lórí rẹ̀, káàkiri àgbáyé, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wò ó bí aládùúgbò tó tọrọ àgbàlá yín láti na tapólì sí. Ilẹ̀ kò di tiẹ̀, ẹ sì lè yá ẹlòmíràn ní àgbàlá kan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aládùúgbò yìí kò dá ọjọ́ tí yóò tú tapólì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ CapCut ti yàtọ̀ nìyẹn. Instagram àti YouTube náà ń gba irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kàn tẹ "mo gbà" láì kà á ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa fídíò rẹ́ níbẹ̀, àyè náà máa ń parí. CapCut ní títí láé ni tòun.

Ṣé wọ́n lè fi ọmọ mi polówó ọjà?

Àdéhùn náà fàyè gbà á. Iléeṣẹ́ tó ní fídíò àìmọye ènìyàn lọ́wọ́ kò jọ ẹni tí yóò máa wá ọmọ tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé yín kiri, ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni adájọ́ ń kà.

Ṣé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti CapCut pa ní Amẹ́ríkà?

Rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ni TikTok, ló ni CapCut náà, òfin Amẹ́ríkà lórí TikTok ló sì gbé e lọ fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025.

Tí mi ò bá fẹ́ CapCut, kí la lè lò?

iMovie wà lórí iPhone lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè gba DaVinci Resolve lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Fídíò ọmọ mi rí rúdurùdu. Báwo ni mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́?

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé èwo ló ṣòro jù fún un láti ṣe. Òbí á mú ibi tí ojú ọ̀run ti lẹ́wà; ọmọ á mú kickflip kékeré kan (ìfò tí pátákó ti ń yí po lábẹ́ ẹsẹ̀) tí ẹ ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi kọ́ ọ. Tọmọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà, gígé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ń gé e síbi tí ẹsẹ̀ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan pátákó. Àwọn tó mọ skateboard kì í gba irú fídíò bẹ́ẹ̀ gbọ́: lójú tiwọn, ọmọ náà ṣubú lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká rí i bó ṣe ń bọ̀, bó ṣe fò, bó ṣe balẹ̀, àti bí táyà ṣe gbé e lọ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe gé sáàárín ìfò kan ṣoṣo. Èyí tó dára jù ni kó kẹ́yìn, bí àwọn tó ń ṣe fídíò skateboard ṣe máa ń ṣe é látijọ́. Èyí tó ṣìkejì ni kó ṣáájú, nítorí ẹni tó ń wò ó kò ní sùúrù. Ìṣẹ́jú kan tó. Àwọn tó kù, ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà, òun nìkan ló máa wò wọ́n tán.

Ti pé kí fídíò máa lọ díẹ̀díẹ̀ (slow motion) ńkọ́? Ìgbà tí ẹ ń yà á ló ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù sábà máa ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fa ìyẹn gùn ní ìlọ́po mẹ́rin, àwòrán méje tàbí mẹ́jọ ló kù fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì máa já kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ yí kámẹ́rà sí 120 kẹ́ ẹ tó yà á. Tí ẹ bá fà á gùn ní ìlọ́po mẹ́rin, 30 náà ló ṣì máa jẹ́, yóò sì máa yọ̀ geere. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú fídíò kan ti tó.

Ẹ gbé fóònù sísàlẹ̀, níbi orúnkún, ìfò á ga sí i lójú. Tí ọmọ bá sì fẹ́ kí ojú àwòrán rí roboto bíi ojú ẹja, ẹ má rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oní-skateboard ti fẹ́ràn ìrísí yẹn, pàápàá láti ìgbà tí kámẹ́rà Sony VX1000 ti jáde ní 1995.

Ṣé ká yọ ibi tó ti ṣubú kúrò?

Tí ọmọ bá fẹ́ kó wà, ẹ fi í sílẹ̀. Rayssa Leal ti ilẹ̀ Bràsíl jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí fídíò rẹ̀ gbajúmọ̀ ní 2015: ó wọ aṣọ iwin aláwọ̀ búlúù, ó ṣubú, ó dìde, ó sì fo àtẹ̀gùn náà. Ní 2021, ó gba fàdákà ní Olíńpíìkì Tokyo, ọmọ ọdún 13. Sky Brown ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣubú tirẹ̀ jáde ní 2020, ìyẹn tó fọ́ ọ lágbárí. Ó gba idẹ ní Tokyo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Akoto ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ra akoto kẹ́ ẹ tó ra fóònù tuntun.

Orin ńkọ́? A kì í ṣáà gbowó lórí fídíò.

Kò kan ẹni tó ni orin. "Mi ò gbowó" kò gbani, kíkọ orúkọ olórin sísàlẹ̀ kò sì gbani. Ẹ̀rọ YouTube máa ń dá orin mọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìpolówó ni yóò lọ sọ́dọ̀ olórin, nígbà mìíràn wọ́n á dí fídíò náà. Èyí kì í ṣe ìkìlọ̀ ìjìyà (strike). Ìkìlọ̀ ìjìyà ló le: mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ lè pa ìkànnì rẹ́. Orin ọ̀fẹ́ wà nínú Audio Library ti YouTube. Lójú tèmi, ariwo táyà lórí kọnkéré dùn ju ìdajì orin tí wọ́n ń lò lọ.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè gbé e jáde?

Ọdún 13 ni TikTok, Instagram àti YouTube sọ. Ní Ọsirélíà, láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025, ọdún 16 ni. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n máa bu owó ìtanràn lé, kì í ṣe òbí tàbí ọmọ. YouTube fúnra rẹ̀ ti gbé ọjọ́ orí ẹni tó lè ṣe fídíò lójú-ẹsẹ̀ (live) láì ní àgbàlagbà pẹ̀lú sí 16 láti oṣù Keje 2025. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù jù?

Ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ nínú àwòrán: aṣọ iléèwé, nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ àdúgbò. Tí ibi kan náà bá tún hàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹni burúkú kò nílò àdéhùn CapCut kó tó mọ ibi tí yóò dúró sí. Ẹ dúró títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Kámẹ́rà fóònù tún máa ń kọ ibi tí a ti ya fídíò sínú rẹ̀, ẹ pa ìyẹn nínú ètò fóònù. Tí ẹ bá fi ojúlówó fídíò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì lórí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi àwọn òbí wọn.

Ó ti gbé èyí tó fi ilé wa hàn jáde. Kí ni ká ṣe?

Ẹ yọ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ tún un gé láti inú ojúlówó rẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá ti tún un gbé, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú líǹkì náà àti àwòrán ojú fóònù kó tó parẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹjọ́ sùn níbi tí TikTok, Instagram tàbí YouTube ti ń gba ẹ̀sùn nípa àṣírí. Òbí lè ṣe é lórúkọ ọmọ.