chmod láti inú kóòdù: bí ètò ṣe ń yí ìyọ̀ǹda fáìlì padà

Ẹni tó bá ti lo Linux pẹ́ díẹ̀ á ti tẹ chmod rí. Ó ti wà láti ọdún 1971, nígbà tí Unix àkọ́kọ́ jáde. Ètò kékeré ni chmod tí à ń tẹ̀ yẹn, kò sì ní agbára kankan tirẹ̀. Kernel tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ló máa ń lọ bẹ̀ pé kó bá òun yí ìyọ̀ǹda fáìlì padà. Ètò tí ẹ̀yin náà bá kọ lè lọ bá kernel tààrà. Nínú C, chmod() lẹ ó pè. Nínú Python, os.chmod(), nínú Node.js, fs.chmod().

Àwọn mẹ́ta ni fáìlì kọ̀ọ̀kan mọ̀: ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ tí wọ́n so ó mọ́, àti gbogbo àwọn yòókù. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ nǹkan sí i jẹ́ 2, mímú un ṣiṣẹ́ jẹ́ 1 (tó bá jẹ́ fódà, 1 yẹn ni ẹ̀tọ́ láti wọ inú rẹ̀). Ẹ ro wọ́n pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 600 wá túmọ̀ sí pé ẹni tó ni fáìlì lè kà á, ó sì lè kọ sí i, àmọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tó yẹ fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà nínú nìyẹn. ssh (ètò tí à ń fi wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè) gan-an kì í gbà láti lo kọ́kọ́rọ́ àṣírí yín tó bá rí i pé ẹlòmíràn lè kà á.

Mo ti kọ os.chmod("asiri.txt", 600) rí. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọjú. Ìgbà tí ètò náà tún fẹ́ ṣí fáìlì ọ̀hún ni wọ́n ní kò ní ìyọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ òun ló dá a sílẹ̀. Mo tẹ ls -l, tó ń fi ìyọ̀ǹda hàn (r ni kíkà, w ni kíkọ, x ni mímú ṣiṣẹ́), ohun tí mo rí nìyí:

---x-wx--T

Ònkà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ìyọ̀ǹda ń lò, Python sì ka 600 mi bí ònkà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí à ń ná lójoojúmọ́. 600 tiwa yìí, 512 kan, 64 kan àti 8 mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn 1130 ní mẹ́jọ-mẹ́jọ. 1 tó ṣáájú ni T ìparí yẹn, 130 sì ni ti àwọn mẹ́ta wa. Èmi tí mo ni fáìlì kò lè kà á, n kò lè kọ sí i, ẹgbẹ́ sì lè kọ sí i! 0o600 ló yẹ kí n kọ. Nínú C, 0600 ni. Tí ojú yín kò bá fẹ́ràn nọ́ńbà, stat.S_IRUSR | stat.S_IWUSR ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ṣeé ṣì kà.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ti àkókò. Púpọ̀ nínú kóòdù tí mo ń rí máa ń dá fáìlì sílẹ̀, á kọ àṣírí sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa tó pe chmod. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, umask (ìyọ̀ǹda tí wọ́n máa ń yọ kúrò lára fáìlì tuntun) jẹ́ 022, nítorí náà 644 ni fáìlì tuntun máa ń jẹ́: gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ náà ló lè kà á. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ètò mìíràn tó bá ṣí fáìlì náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn á ṣì máa kà á lọ lẹ́yìn tí ẹ ti pe chmod, torí ìgbà ṣíṣí ni kernel máa ń yẹ ìyọ̀ǹda wò. Kì í padà wá yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ jẹ́ kí fáìlì wà ní títì láti ìgbà ìbí rẹ̀:

os.open("asiri.txt", os.O_WRONLY | os.O_CREAT | os.O_EXCL, 0o600)

umask lè yọ kúrò nínú 0o600 yẹn, kò lè fi kún un láéláé. Ẹ má yọ O_EXCL dànù o: tí fáìlì bá ti wà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà yẹn kò ní ṣe nǹkan kan, ó sì sàn kí ètò kígbe. Tó bá jẹ́ fáìlì tó ti wà lẹ ní láti yí padà, ẹ ṣí i kí ẹ sì lo os.fchmod() lórí èyí tó ti wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ ni chmod ń tẹ̀ lé, ẹnì kan sì lè ti fi fáìlì mìíràn sábẹ́ orúkọ náà.

Ẹni tó ni fáìlì tàbí root (ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ) nìkan ló lè yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Kí ẹ lè kọ sínú rẹ̀ kò tó. Tí PermissionError bá yọ, ẹ wádìí ẹni tó ni fáìlì. Ẹ má torí ẹ̀ fi root máa ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi 0o777 bò ó mọ́lẹ̀.

Lórí Windows, àmì “kíkà nìkan” ni os.chmod() lè fọwọ́ kàn nínú fáìlì. 0o600 kò ní fi àṣírí yín pamọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. ACL ti Windows (àkọsílẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí fáìlì) lẹ ó yí padà.