Ẹja Tó Ṣì Ń Mí Ni Kí Ẹ Gbé Wá fún Àyẹ̀wò

Bí àrùn bá wọ pọ́ǹdù ẹja àrọ̀, èyí tó léfòó láàárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sìn ín máa ń rọ sínú ọ̀rá wá fún wa ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹja yẹn kò wúlò fún àyẹ̀wò mọ́. Nínú ooru Ìlọrin yìí, kì í pẹ́ tí ẹja bá kú tí bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun rẹ̀, fi ń ya wọ ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara. Ohun tí a bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti jíjẹrà, kó má jẹ́ ti àrùn rárá.

Ẹ mú ẹja 3 sí 5 tó ṣì ń mí, tí àmì sì ti hàn lára wọn: ikùn tó wú, egbò, ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n sábẹ́ awọ tàbí ní ìdí lẹbẹ, tàbí èyí tó gbé orí sókè tó dúró ṣánṣán nínú omi. Ẹ mú ọ̀kan tí ara rẹ̀ dá kún un, ká lè fi wé wọn. Ẹ má tíì fún wọn ní oògùn apakòkòrò kankan o! Bí wọ́n bá ti gba oògùn, bakitéríà lè má hù nínú àyẹ̀wò, níbi tí a ti ń fún un ní oúnjẹ kó lè pọ̀ tó láti rí, a ó sì rò pé kò sí níbẹ̀.

Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà omi pọ́ǹdù díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé ẹnu rẹ̀ lè gbé e láàyè láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán dé ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin. Bó bá kú lọ́nà, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ tò yìnyín yí i ká nínú kúlà, kó dé lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e sí fíríísà: omi inú ẹran ara á dì, á sì fọ́ ọ.

Kíndìnrín la máa ń wá jù. Bí a bá fi sípírítì nu ara ẹja, tí a la ikùn láì gé ìfun, tí a sì ti ẹ̀dọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó rí i tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn, ó pọ́n rokoṣo, ó rọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sẹ́, kò sì yẹ kí bakitéríà wà níbẹ̀ lára ẹja tí ara rẹ̀ dá. Èyí tó bá hù jáde láti ibẹ̀ ti gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bakitéríà tó ń jẹ́ *Aeromonas hydrophila* la sábà máa ń bá nínú omi gbígbóná bíi tiwa. Inú omi ló ń gbé, ẹja tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí omi rẹ̀ dọ̀tí ló máa ń ráyè mú.

Híhù nìkan kò tó o. Ó ń sọ bakitéríà tó wà níbẹ̀, kò sọ bóyá òun ló ṣe jàǹbá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí kò nípọn ju mìlímítà 5 lọ, tí a ó rì wọ́n sínú fọ́málìn (omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà), ìwọ̀n 1 ẹran sí 10 omi oògùn, fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹni tó bá rọ odidi ẹja sínú ìgò kékeré kan, ìta á le, inú á jẹrà. Fọ́málìn ń pa bakitéríà, nítorí náà ohun tí a bá rì sínú rẹ̀ kì í ṣe fún híhù mọ́. Lẹ́yìn èyí la ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó pa á láró, a ó sì wo ibi tí ẹran ara ti kú lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ẹ bu omi pọ́ǹdù sínú ike mímọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn sí i lára.